ÒGBÓ TÓ MỌ̀NÀ, ṢÉ Ó MỌ IBI TÓ YẸ KÓ DÚRÓ?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ Ìgbómìnà ṣe bẹ̀rẹ̀, kó lọ wá àwọn àgbà Ìlá rí. Wọ́n á sọ fún un pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagunńlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ń kúrò lọ́dọ̀ Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀, àdá kan tí wọ́n ń pè ní Ògbó ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Igbó dí nígbà náà, ọ̀nà kò sí. Ibi tí Ògbó bá là ni ọmọ ọba àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń gbà, títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n ní, "Ògbó mi mọ̀nà." Gbólóhùn yẹn ló yí padà di Ìgbómìnà.

Ìtàn dídùn ni, gbogbo ọmọ Ìgbómìnà ló sì ń fi í yangàn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ìtàn náà kò dáhùn. Àdá tó mọ ọ̀nà, ṣé ó mọ ibi tó yẹ kó dúró?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré o. Àdá ayé òde òní kì í ṣe ti Ajagunńlá mọ́. Ẹ̀rọ ni. Igi ìrókò tó ti wà lóko kí bàbá ńlá ẹni tó dáyé, kí ìyàwó ilé tó se ẹ̀wà jinná, ẹ̀rọ agégi ti wó o lulẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti di pákó.

OMI TÓ Ń JÁ BỌ́ NÍ ÒKÈ-ÌLÁ

Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìlá-Yàrà làwọn méjèèjì ti ṣí wá, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ oyè dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọba, tí ọ̀kan gba ibí, tí èkejì gba ọ̀hún. Títí di òní, oyè Ọ̀ràngún náà ni wọ́n ń jẹ ní ìlú méjèèjì. Ìlá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Òkè-Ìlá sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀, àwọn méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò ju bíi máìlì mẹ́jọ lọ.

Ẹni tó bá dé Òkè-Ìlá yóò rí i pé wọn kò fi àwàdà sọ ìlú náà lórúkọ. Òkè ló yí i ká. Láàárín àwọn òkè yìí ni omi Àyìkúnnugbá ti ń já bọ́ láti orí àpáta sínú àfonífojì. Ibi tí omi bá ti ń já báyìí, ooru kì í mú níbẹ̀, ọkàn èèyàn á sì balẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka àwọn ibi tó yẹ kí àlejò lọ wò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n máa ń ka Àyìkúnnugbá mọ́ omi Olúmirin ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú ìwé kò lè dá ẹni tó gbé ẹ̀rọ agégi léjìká dúró.

Ẹ gbọ́ bí omi orí òkè ṣe ń ṣiṣẹ́. Igi ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ewé ló máa kọ́kọ́ gbà á, kò ní jẹ́ kó fi agbára lu ilẹ̀. Ewé tó ti jẹrà àti gbòǹgbò igi á wá máa fa omi náà wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú ilẹ̀ yẹn lomi ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti máa sun jáde títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n gé igi kúrò. Òjò á máa lu ilẹ̀ lásán, á gbá erùpẹ̀ lọ, gbogbo omi á sì ya wọ odò lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà òjò, àgbàrá. Nígbà ọyẹ́, odò á gbẹ. Àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè ni ìyà náà máa jẹ, kì í ṣe oní gẹdú tó ti ta igi tirẹ̀ tó sì ti bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà tún ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ló wà. Igbó tó bá wà ní ẹnu ààlà báyìí, bí wọ́n bá gé e tí wọ́n sì ń dáná sun ún lọ́dọọdún, koríko ló máa ń gba ipò rẹ̀. Kì í tètè padà di igbó mọ́.

ÈÈWỌ̀ NI ÒFIN ÀKỌ́KỌ́

Ṣé àwọn bàbá wa kò mọ gbogbo èyí ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìlú Yorùbá kan láyé àtijọ́ tí kò ní igbó tirẹ̀: igbó orò, igbó egúngún, igbó tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ìlú. Bí ọmọ kan bá bi bàbá rẹ̀ àgbà léèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí a kì í fi í ṣẹ́ igi níbẹ̀?" èsì bàbá kì í gùn. "Èèwọ̀ ni, ọmọ mi." Bí ọmọ náà bá tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló máa ṣe ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ?" bàbá á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Má dán an wò."

Ó parí. Wọn kò san owó oṣù fún olùṣọ́ igbó kankan, wọn kò fi wáyà yí igbó ká. Ẹ̀rù ló ń ṣọ́ ọ. Abẹ́ ẹ̀rù yẹn ni ìsun omi fara pamọ́ sí, abẹ́ rẹ̀ làwọn ẹyẹ ń pamọ, tí ewé àti egbòogi tí àwọn oníṣègùn ń lò kò fi run.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì dé, mọ́sáláṣí dé, ilé ìwé dé, owó náà sì dé. Ọmọ tó ti ka ìwé kò bẹ̀rù igi mọ́. Ẹni tó ní ilẹ̀ rí i pé ìrókò kan lè san owó ilé ìwé ọmọ méjì. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rù lọ, òfin kò sì tíì dé. Àárín méjì yẹn ni wọ́n ti ń pa igbó run. Àjọ UNESCO pàápàá sọ ọ́ nígbà tó ń kọ̀wé nípa Òṣogbo pé ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ló ní igbó mímọ́ rí, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti pa tì tàbí tó ti dín kù di kékeré.

BÍ ÒṢOGBO ṢE GBA TIRẸ̀ SÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ Òṣogbo yẹn ló yẹ kí gbogbo ọmọ Ìlá àti Òkè-Ìlá fi etí sí, nítorí pé bí tiwọn ṣe ń lọ yìí náà ni ti Òṣogbo ṣe ń lọ rí.

Láti ìgbà Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tí wọ́n tẹ Òṣogbo dó ni igbó Ọ̀ṣun ti wà lábẹ́ èèwọ̀. A kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja nínú omi rẹ̀, a kì í gé igi, a kì í dá oko. Àmọ́ nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ ti ń dẹ̀. Ojúbọ ń wó, àwòrò ń dín kù, olè ń jí ère kó. Apá kan igbó náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó. Wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n sì fi igi mìíràn dá oko. Ọdẹ ń wọlé, apẹja ń wọlé.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan láti ilẹ̀ Austria, Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní 1915, dé sọ́rọ̀ náà. Òṣogbo fi í joyè, wọ́n ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Òun àtàwọn oníṣọ̀nà ìlú, irú bí Adébísí Àkànjí, Buraimoh Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé, bẹ̀rẹ̀ sí tún ojúbọ kọ́, wọ́n ń gbẹ́ ère ńláńlá sínú igbó. Wọ́n bá oní gẹdú jà, wọ́n bá ọdẹ jà, wọ́n bá ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ jà.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé wọn kò fi mọ sí ojúbọ. Wọ́n lépa òfin. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kárí gbogbo hẹ́kítà 75, ìyẹn ilẹ̀ tó lè gba pápá bọ́ọ̀lù tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àdùnní Olórìṣà kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Ó ti kú, igbó wà níbẹ̀. Ọ̀bọ ṣì ń fò láti orí igi sí orí igi láàárín ìlú ńlá.

Ìgbómìnà pàápàá ní àpẹẹrẹ tirẹ̀, àní kó tó kan Òṣogbo. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà nínú igbó, tí ará ìlú ń bọ wọ́n, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí ìròyìn wọn tàn kálẹ̀ ní 1933, wọn kò kó wọn lọ sí Èkó. Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n kọ́ ilé sí fún wọn ní 1945, òun sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Èèwọ̀ ló pa ère mọ́ títí òfin fi dé bá a.

ERÉKÙṢÙ TÍ ẸNÌKAN KÌ Í TẸ̀

Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé òyìnbó kì í ṣe irú ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ ká wo Dẹ́nmárkì.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni Dẹ́nmárkì, ní apá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 lọ, Èkó nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ. Àmọ́ erékùṣù wọn lé ní 400. Nínú òkun ìlà oòrùn wọn, lẹ́yìn erékùṣù Bornholm, àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní Ertholmene. Méjì péré lèèyàn ń gbé nínú wọn, Christiansø àti Frederiksø, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì pé 100. Mọ́tò kò sí níbẹ̀. Ajá, èèwọ̀. Ológbò, èèwọ̀. Kí ló fà á? Nítorí àwọn ẹyẹ òkun tó ń yé sórí àpáta ni.

Ó tún kù. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni erékùṣù mìíràn wà tó ń jẹ́ Græsholm. Láti 1926 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún ẹyẹ. Ará ìlú kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹyẹ, kó dúró sínú ọkọ̀ ojú omi, kó máa wò ó lókèèrè. Àbí kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti igbó orò? Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé òyìnbó kọ èèwọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ẹni tó máa ṣọ́ ọ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n wọn ju ti ẹlòmíràn lọ o. Ìyà ló kọ́ wọn. Láyé àtijọ́, ní etí òkun wọn, wọ́n gé igi, wọ́n jẹ́ kí ẹran jẹ koríko tán, ìjì líle sì dé. Kò sí ohun tó di yanrìn mú mọ́. Yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó bo oko, ó bo ilé. Ní ìlú Skagen, yanrìn bo ṣọ́ọ̀ṣì débi pé wọ́n ní láti tì í pa ní 1795. Ilé agogo rẹ̀ nìkan ló yọrí síta títí di òní. Lẹ́yìn irú ìyà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ pé kí a má gé igi, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀. Ní 1917 ni wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́ tó dá ààbò bo ilẹ̀ àti ẹ̀dá inú rẹ̀. Ní 2008, wọ́n ṣí ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Thy, níbi tí yanrìn ti da àwọn bàbá wọn láàmú. Lónìí, ọgbà náà ti di márùn-ún.

Ohun kan tún wà nínú òfin wọn tó yẹ ká kíyè sí. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá oko tàbí kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ nítorí ààbò, wọ́n máa ń san nǹkan fún un. Wọn kì í ní kó máa lọ kú sí ẹ̀gbẹ́ igi.

Àwọn aláwọ̀ dúdú náà ti ṣe é. Ní Guinea-Bissau, níhìn-ín ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn èèyàn Bijagós ní erékùṣù 88. Ọ̀kan nínú wọn, Poilão, kékeré ni, ẹnìkan kì í gbé ibẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ òrìṣà ni. Abẹ́ èèwọ̀ yẹn làwọn ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin wọn láti ayébáyé. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣe ọgbà orílẹ̀-èdè síbẹ̀ ní 2000, wọn kò fọ́ èèwọ̀ náà. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ òfin lé. Ní 2025, UNESCO kọ Bijagós náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

ÒFIN NÌKAN KÒ TÓ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí wọ́n bá ti lè kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Igbó Ọ̀ṣun ní òfin lórí, ó ní orúkọ káàkiri ayé. Síbẹ̀, odò Ọ̀ṣun tó gba àárín rẹ̀ kọjá ti yí àwọ̀ padà, ó pọ́n bí omi amọ̀. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí wọ́n ń gbé ike wá pọn láti òkèèrè! Omi tí ìyá àgàn ń mu! Ọgbà tí wọ́n yí ká ní Òṣogbo kò lè dá ẹrọ̀fọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè odò dúró.

Nítorí náà, kò sí ìlú tó lè sọ pé ti òun nìkan ni òun ń ṣe. Ẹni tó wà lókè odò ló ń ṣọ́ omi fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

TA NI YÓÒ ṢỌ́ ÀYÌKÚNNUGBÁ?

Àgbẹ̀ tàbí agégi tó ń jẹun nínú igbó lè bínú, kó ní, "Ẹ̀yin tó ń gbé ìgboro, ẹ ti jẹun yó. Ṣé omi tó ń já lórí àpáta ni èmi máa fi bọ́ ọmọ?" Kò purọ́. Bí ètò ààbò bá sọ ọ́ di ọ̀tá, òun náà á di ọ̀tá ètò ààbò, òru ni yóò sì máa wá gé igi. Ọdẹ tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ igbó náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ olùṣọ́, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ lóṣù. Ọmọ agégi ló yẹ kó máa mú àlejò lọ wo omi. Bí àlejò bá sanwó, kí ìlú rí nínú owó náà. Ẹni tí igi tó dúró bá ń bọ́, kò ní fẹ́ kí ó wó.

Ìkejì, kí wọ́n fi ààlà sí i. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba sì lágbára láti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀. Àmọ́ bí ìjọba bá dá a ṣe láìpe ọba, ìjòyè àtàwọn tó ni ilẹ̀ jókòó, inú ìwé ni ààlà náà máa wà. Kì í ṣe ibi tí omi ti ń já nìkan ló yẹ kí ààlà náà kárí. Orí òkè tí omi ti ń sun gan-an ni kókó. Ẹni tó bá ṣọ́ ẹnu kèrègbè tó jẹ́ kí ìdí rẹ̀ jò, kí ló ṣọ́?

Ìkẹta kan àwọn olùsìn. Onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí pọ̀ ní Ìlá àti Òkè-Ìlá, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n lọ bọ òrìṣà. Igi tí a kò gé kò sọ ẹnikẹ́ni di abọ̀rìṣà. Bí pásítọ̀ bá sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, tí lèmọ́mù náà sọ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, pé ẹni tó dá òkè ló dá omi tó wà níbẹ̀, ẹ̀rù tó ti lọ lè padà wá lọ́nà mìíràn.

Àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti lẹ́yìn odi, àwọn náà ní tiwọn láti ṣe. Ọdọọdún ni wọ́n ń padà wálé, wọ́n ń dá aṣọ, wọ́n ń kó owó jọ. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí olùṣọ́ igbó kan náà rí nínú owó yẹn.

Ìlá-Yàrà tí gbogbo wọn ti wá ti di ahoro tipẹ́. Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n rí ibòmíràn tẹ̀dó sí, nítorí pé nígbà yẹn igbó ṣì pọ̀, Ògbó ṣì rí ọ̀nà là. Lónìí, igbó mìíràn kò sí níwájú mọ́ tí àdá máa là. Eléyìí tó kù yìí náà ni.

Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà nílé lóko, ẹ̀yin ni ẹ ni Ògbó. Ẹ ti fi hàn pé ó mọ ọ̀nà. Ó kù kí ẹ kọ́ ọ níbi tó yẹ kó dúró, kó má lọ di ọjọ́ tí bàbá kan máa na ìka sí àpáta gbígbẹ, tí á sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Omi kan wà níbí rí."